Tréènì Ìlú Ọba Kì í Ṣe Dáńfó: Àṣìṣe Tẹ́ Ẹ Fi Ń Fowó Ṣòfò

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn pè mí láti King's Cross. Ẹnu géètì ló dé kó tó rántí tíkẹ́ẹ̀tì, iye tí ẹ̀rọ ní kó san dé Leeds sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a kú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọn ò lè já a wálẹ̀ ni?" Ta ni yóò já a wálẹ̀, ẹ̀rọ? Àlàyé orí fóònù ti sú mi, ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

1. Ríra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ ìrìn-àjò. Fún ọ̀nà jíjìn, èyí tí wọ́n ń pè ní Advance sábà máa ń jáde ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjìlá ṣáájú. Bí èyí tí kò wọ́n ṣe ń tán ni owó ń gòkè.

2. Ríra á lórí áàpù tó ń gba owó iṣẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ kì í gbà á lórí ìkànnì tiwọn.

3. Wíwọ tréènì tí kì í ṣe tiyín. Ibí gan-an ni inú ti ń bí mi. Ní Òjòta, dáńfó tó bá kọ́kọ́ kún ló ń lọ. Bí ọ̀kan bá fi yín sílẹ̀, kọ́ńdọ́ òmíràn ti ń pariwo lẹ́yìn yín. Àṣà yẹn la gbé wá síbí. Tíkẹ́ẹ̀tì Advance ní aago lára. Bí 18:03 bá wà lórí rẹ̀, 18:03 náà ni, kódà kí àga èyí tó ṣáájú ṣófo pátápátá. Ẹ ò sì gbọdọ̀ sọ̀ lójú ọ̀nà lọ kí ẹbí, kẹ́ ẹ tún padà wọkọ̀.

Ẹ má rò pé ọgbọ́n ni mo fi mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 2017, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì £28 láti London sí Leeds. Iṣẹ́ tètè parí, mo rí tréènì tó fẹ́ gbéra ní ààbọ̀ wákàtí ṣáájú tèmi, mo bá fò wọlé. Mo bọ́ bàtà, mo ṣí ike ìrẹsì, ṣíbí kejì ló wà lẹ́nu mi nígbà tí olùyẹ̀wò tíkẹ́ẹ̀tì dé. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó wo fóònù mi, ó wo ìrẹsì, ó ní, "Sà, ọkọ̀ tiyín ṣì wà ní London." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ọlọ́pàá ojú títì. Kò bú mi, kò pariwo, ó kàn ń tẹ ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tuntun tó jáde nínú ẹ̀rọ náà lé ní £100. Ìrẹsì yẹn ò gba ọ̀fun mi kọjá mọ́. N ò sọ fún ìyàwó mi. Bóyá ibí ló ti máa gbọ́.

Bí ètò yín bá yí, ẹ pààrọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì kí ọkọ̀ náà tó gbéra. Ẹ ó san owó díẹ̀ àti ìyàtọ̀ iye. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé tréènì àkọ́kọ́ ló pẹ́ tẹ́ ẹ fi pàdánù ìkejì nínú ìrìn-àjò kan náà, ẹ̀bi wọn nìyẹn, wọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ wọ èyí tó tẹ̀ lé e.

4. Àìní Railcard, ìyẹn káàdì ẹ̀dínwó tréènì. £35 lọ́dún, ó sì ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó kúrò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ka Masters, ẹ ń wí pé ọmọ ọdún 16 sí 25 ló wà fún. Irọ́ ni! Bí ẹ bá ń kàwé ní kíkún, ọjọ́ orí ò dí yín lọ́wọ́. Mo mọ bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta kan tó ń lò ó. Ṣùgbọ́n bí fóònù tó wà lórí rẹ̀ bá kú, ẹ ti wọ gàù.

Ìkarùn-ún, àbí ìkẹfà ni: téṣàn London kì í ṣe ẹyọ kan. Ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kọ́ wọn ní ọ̀rúndún 19, kálukú sì kọjú síbi tó ń lọ. Euston ni ti Manchester, King's Cross ni ti Leeds àti Newcastle, Paddington ni ti Cardiff, St Pancras ni ti Sheffield. Ẹ má dé Paddington kẹ́ ẹ máa wá ọkọ̀ Manchester. Wọ́n sì ń ti ilẹ̀kùn kí aago tó pé, nítorí náà ẹ yé sáré bọ̀ ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn.

Ẹ má wọkọ̀ láìsan. Láti January 2023, ìtanràn ní England ti di £100, owó ọkọ̀ ń bẹ lọ́tọ̀.

Tréènì pẹ́, ẹ ò béèrè owó gbà-máà-bínú tiyín náà! Ọjọ́ 28 lẹ ní láti béèrè.

Ẹ tún wo orúkọ ìlú dáadáa. Gillingham kan wà ní Kent, òmíràn wà ní Dorset, wọ́n sì jìnnà síra gan-an. Àbúrò ìyàwó mi ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ ní ti Kent, aago mẹ́wàá. Ní aago mẹ́wàá géérégé, ó pè mí. Ó ní, "Bọ̀dá, màlúù nìkan ni mò ń rí."