MSc Finance: Ibi Tí Owó Ti Ń Ṣòfò Kí Ọkọ̀ Òfúrufú Tó Gbéra

Ó máa ń dun èèyàn láti rí ọmọ tó ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ l'Ékòó tó ta ilẹ̀ ìyá rẹ̀ nítorí MSc Finance, ìyẹn másítà nínú ẹ̀kọ́ ìṣúná owó, ní Ìlú Ọba, tí ẹ bá wá bi í pé iṣẹ́ wo gan-an ló fẹ́ fi ṣe, tó ní "finance náà ni." Ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn o. Ẹ mọ ohun tí másítà jẹ́, ẹ mọ báńkì, ẹ mọ físà, nítorí náà ẹ jẹ́ ká lọ tààrà síbi tí nǹkan ti ń bàjẹ́.

Àṣìṣe kìíní: ẹ kì í ṣírò ó dé ìdí.

Owó ilé ìwé nìkan ni ọ̀pọ̀ ń kà. Ẹ mú bírò. Ká ní kọ́ọ̀sì náà kò sí ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, owó rẹ̀ sì jẹ́ £20,000. Owó ìlera tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ £776 lọ́dún, ṣùgbọ́n físà kọ́ọ̀sì ọlọ́dún kan máa ń tó oṣù 16, ọdún kan ààbọ̀ ni wọn ó sì gbà: £1,164. Owó físà fúnra rẹ̀ ju £500 lọ. Fún ilé àti oúnjẹ, £1,171 lóṣù ni ìjọba kà fún ẹni tí kò gbé Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ti oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fẹ́ rí nínú àkáǹtì, àmọ́ oṣù 12 lẹ ó fi jẹun, ìyẹn £14,052. Gbogbo rẹ̀ ju £35,700 lọ. Bí a bá fi ₦2,000 ṣírò pọ́n-ùn kan, ó ti lé ní mílíọ̀nù 71 náírà.

Ẹ fi owó oṣù tí ẹ fi sílẹ̀ kún un. Ẹni tó ń gba ₦400,000 lóṣù pàdánù mílíọ̀nù 4.8, àpapọ̀ di mílíọ̀nù 76. Ká wá yọ owó iṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀ tí físà gbà kúrò: £12 ní wákàtí, fún ọ̀sẹ̀ 40, £9,600 nìyẹn, mílíọ̀nù 19.2. Ó ku mílíọ̀nù 57.

Bí ẹ bá padà s'Ékòó, tí owó oṣù yín sì ti ₦400,000 gòkè dé ₦700,000, mílíọ̀nù 3.6 ni èrè yín lọ́dún. Nǹkan bí ọdún 16 lẹ ó fi rí owó yín kó padà, ìyẹn bí kò bá sí èlé lórí rẹ̀. Bí ẹ bá rí iṣẹ́ £35,000 lọ́dún ní England, lẹ́yìn owó orí àti National Insurance (owó ìdójútófò tí ìjọba ń yọ lára owó oṣù), nǹkan bí £2,390 ni yóò máa wọlé lóṣù. Bí ẹ bá ń fi £700 pamọ́ nínú rẹ̀, ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀ ti tó. Ilé ìwé kan náà, ìwé ẹ̀rí kan náà. Iṣẹ́ tó tẹ̀lé e ló fi ọdún 13 sáàárín wọn.

Ìkejì: ẹ ti fi owó oṣù keje àti ìkẹjọ ṣèlérí fún ẹni tó yá yín lówó, ẹ rò pé ìsinmi ni. Fún akẹ́kọ̀ọ́ másítà, oṣù tí ẹ fi ń kọ dissertation (ìwé ìwádìí àṣekágbá) kì í ṣe ìsinmi, wákàtí 20 náà ni òfin ṣì fọwọ́ sí. Físà yẹn kò sì gba iṣẹ́ adáṣe bíi wíwa Uber.

Ìkẹta: àkáǹtì ẹlòmíì. Tiyín, ti òbí yín, tàbí ti alágbàtọ́ tí òfin mọ̀ ni wọ́n ń gbà. Bí àbúrò bàbá yín ní Houston bá tilẹ̀ ní bílíọ̀nù, kò ran ọ̀rọ̀ yín títí yóò fi san owó náà sínú àkáǹtì yín. Ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 28 gbáko láìdín, kódà ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ tó kẹ́yìn lórí sítéétìmẹ́ǹtì sí ọjọ́ tí ẹ kọ̀wé fún físà kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba sítéétìmẹ́ǹtì ayédèrú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ọdún mẹ́wàá ni wọ́n lè fi ti ilẹ̀kùn mọ́ yín.

Láti oṣù kìíní 2024, akẹ́kọ̀ọ́ másítà bí irú èyí kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́.

Ajẹ́ǹtì tó ń gba kọmíṣọ̀n lọ́wọ́ ilé ìwé kò lè sọ fún yín pé kí ẹ jókòó sílé.

Èyí tó ń ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ ọjọ́. Oṣù kẹsàn-án ni kọ́ọ̀sì ń bẹ̀rẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù keje ni àwọn báńkì ńláńlá ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti ń ṣí fọ́ọ̀mù iṣẹ́ fún ọdún tó ń bọ̀, ọ̀pọ̀ sì ti tì í kí oṣù kọkànlá tó tán. Àwọn mìíì ń mú èèyàn bí fọ́ọ̀mù ṣe ń wọlé, bí àyè bá ti kún, ó parí. Ẹ wá wo ẹni tó balẹ̀ sí Manchester ní ìparí oṣù kẹsàn-án. Ó ń wá yàrá, ó ń wá bí yóò ṣe ṣí àkáǹtì, ó ń wá iṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn àgbà. Ìgbà tó máa fi rántí CV, oṣù kọkànlá ti ń lọ. CV ọ̀hún sì tún jẹ́ ojú ewé mẹ́rin, ọjọ́ ìbí, ẹ̀sìn àti ìpínlẹ̀ tó ti wá wà lókè pátápátá, nígbà tó jẹ́ pé ojú ewé kan tàbí méjì ni wọ́n ń kà níbẹ̀, wọn ò sì béèrè ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni.

Àwọn báńkì yìí sì fẹ́ràn láti mú òṣìṣẹ́ láàárín àwọn tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣì ku ọdún kan kó jáde ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà fún ìyẹn. Ẹni tó wá ṣe másítà ọlọ́dún kan ti wà ní ọdún tó kẹ́yìn láti ọjọ́ tó ti dé.

Nítorí náà, oṣù karùn-ún ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹ ṣì wà nílé. Ẹ gba àkọsílẹ̀ àwọn iléeṣẹ́ tó ní àṣẹ láti gba àjèjì síṣẹ́ lórí gov.uk, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣa 40 nínú wọn, kí ẹ sì ka ojú ewé iṣẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, torí orúkọ iléeṣẹ́ lè wà nínú àkọsílẹ̀ kó má sì ṣe ìwé físà iṣẹ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ẹ máa fi ìdánwò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà dánra wò, asẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ èèyàn nìyẹn. Oṣù kẹjọ ni kí fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ yín wọlé. Ẹ wo owó iṣẹ́ náà pẹ̀lú: kí físà iṣẹ́ tó lè jáde, ẹni tó ń bọ́ láti físà akẹ́kọ̀ọ́ nílò ó kéré tán £33,400 lọ́dún, àwọn yòókù £41,700, bí iye tí ìjọba là sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ náà kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Graduate Route tí ẹ gbójú lé náà, físà tó ń jẹ́ kí ẹni tó jáde dúró ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ti ń kúrú: ẹni tó bá kọ̀wé fún un láti 1 oṣù kìíní 2027, oṣù 18 ni yóò rí dípò ọdún méjì.

Yíyá pọ́n-ùn láti fi náírà san tún ńkọ́? Kí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, tó tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, pọ́n-ùn kò tó ₦600 ní báńkì. Kó tó pé ọdún kan, ó ti kọjá ₦1,500. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbèsè pọ́n-ùn ṣe ń wú lọ́wọ́ ẹni tó ń fi náírà san án.

Àwọn kan wà tí MSc kò tilẹ̀ kàn. Ẹni tó fẹ́ máa yẹ ìdókòwò wò, CFA, ìwé ẹ̀rí àwọn onímọ̀ ìdókòwò, ló bá a mu: ìdánwò mẹ́ta, nǹkan bí wákàtí 300 ìwé kíkà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti wákàtí 4,000 lẹ́nu iṣẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ pé ní ohun tó dín sí oṣù 36. Ẹ lè ṣe é láìfi iṣẹ́ yín sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ìṣirò owó àti ọ́díìtì, ICAN tàbí ACCA, ìwé ẹ̀rí àwọn oníṣirò owó, ló bá a mu. Ẹni tó ń fẹ́ kọ́ni ní yunifásítì nílé nílò MSc lóòótọ́, àmọ́ kó má lọ gba másítà àwọn oníṣẹ́ bíi MBF (Master of Banking and Finance), torí ọ̀pọ̀ yunifásítì wa kì í ti ibẹ̀ gbani sí PhD tààrà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pinnu pé ẹ ó padà wálé, ẹ gbìyànjú Chevening, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìlú Ọba ń fúnni, kí ẹ tó ta ilẹ̀ kankan. Wákàtí 2,800 lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń béèrè, kọ́ọ̀sì mẹ́ta lẹ ó yàn, ẹ ó sì padà sílé fún ọdún méjì ó kéré tán. Wọ́n ń san owó ilé ìwé, owó oúnjẹ àti ọkọ̀ òfúrufú. Owó oṣù tí ẹ fi sílẹ̀ nìkan ló kù tí ẹ ó ná, mílíọ̀nù 4.8 yẹn. Pẹ̀lú èrè mílíọ̀nù 3.6 lọ́dún, ọdún 16 òkè yẹn di oṣù 16.