Sẹ́ńsọ̀ oko tó ń tètè jẹ bátìrì: bí mo ṣe yanjú ẹ̀

Ààpù mẹ́ta ló ń bi àwọn sẹ́ńsọ̀ aláìlówáyà tó ń wọn omi inú ebè oko mi léèrè ní tààrà: ti fóònù, ti kọ̀ǹpútà, àti èyí tó ń tan ẹ̀rọ omi. Bí èyíkéyìí bá ti bèèrè, sẹ́ńsọ̀ gbọ́dọ̀ jí. Bátìrì wo ló fẹ́ gba ìyẹn?

Mo gbé Mosquitto (ètò tó ń gba ìsọfúnni, tó sì ń pín in fún ẹni tó bá fẹ́) sórí Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré) kan sáàárín wọn, MQTT, ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ni gbogbo wọn ń lò báyìí. Sẹ́ńsọ̀ á jí, á fi iye ránṣẹ́ sí Mosquitto lábẹ́ àkọlé oko/ebe3/omi (omi ebè kẹta), á padà sùn. Ààpù tó bá fẹ́ omi gbogbo ebè á gba oko/+/omi. Èyí tó fẹ́ ohun gbogbo á gba oko/#. (Láti ẹ̀dà 2.0 Mosquitto, ẹ kọ “listener 1883” sínú kọ́nfígì, ìyẹn fáìlì ìṣètò rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Pi nìkan ló máa lè bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ fi password sí i pẹ̀lú, ẹ jọ̀ọ́.)

Ó wá ku ìyọnu kan: ààpù tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí kì í rí nǹkan kan títí sẹ́ńsọ̀ á fi tún jí. Retain (ìyẹn -r nínú àṣẹ yìí) ló yanjú ìyẹn:

mosquitto_pub -r -t oko/ebe3/omi -m "41,14:05"

Iye tó dé kẹ́yìn á máa dúró de ẹni tó bá wọlé. Aago tó wà níbẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì, torí bí sẹ́ńsọ̀ bá tiẹ̀ kú, Mosquitto á ṣì máa pín 41 kiri; aago yẹn ló máa fi hàn pé iye náà ti pẹ́.