Bí a ṣe ń lo títa ata-ilẹ̀ nínú àgbo ilẹ̀ Ṣáínà

Adùn márùn-ún làwọn oníṣègùn ilẹ̀ Ṣáínà mọ̀, èyí tó ń ta lẹ́nu ni wọ́n ń pè ní xin. Wọ́n gbà pé ohun tó bá ń ta a máa lé òtútù jáde, a sì máa mú ara làágùn. Ata-ilẹ̀ ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, torí pé bí a bá ṣe tọ́jú rẹ̀ ni yóò ṣe ta. Oògùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ka tútù rẹ̀ àti gbígbẹ rẹ̀ sí: shengjiang ni tútù, ganjiang ni gbígbẹ.

Gingerol ló ń ta nínú tútù. Bí a bá sá a gbẹ, tàbí tí iná bá rà á lára, omi a yọ kúrò lára gingerol, a sì di shogaol, tó ta jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì. Sísè tún ń sọ lára gingerol di zingerone, tí kò ta tó bẹ́ẹ̀, tó sì dùn díẹ̀. Ibi tí gingerol àti shogaol ti ń mú wa lára, tí wọ́n ń pè ní TRPV1, ni ata rodo náà ti ń mú wa. Ibẹ̀ kan náà ni ara fi ń mọ ooru tó bá lé ní nǹkan bí 43°C, ìyẹn ni ẹnu ṣe ń gbóná lóòótọ́. Iṣẹ́ lórí rẹ̀ wà lára ohun tí David Julius fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021.

Kọ́kọ́ pinnu èyí tí o fẹ́. Bí òtútù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọ, tútù ni. Bó bá jẹ́ inú ló tutù, tó ń run ọ́, gbígbẹ ni wọ́n máa ń lò.

Ra èyí tó le, tí awọ rẹ̀ kò hunjọ. Fọ̀ ọ́, kí o gé e ní ìbú, kó fẹ́lẹ́ débi pé wàá máa rí ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Má fojú kéré ìgé yìí: gingerol kì í fẹ́ yòrò nínú omi, ojú tí ọ̀bẹ bá là ló ń gbà jáde. Bó bá jẹ́ gbígbẹ lo fẹ́, sá a sóòrùn títí yóò fi máa dá pẹ́kẹ́ lọ́wọ́. Gíráàmù 3 sí 10 lójúmọ́ ni ìwé oògùn ìjọba Ṣáínà fọwọ́ sí, tútù tàbí gbígbẹ.

Ìkòkò amọ̀ ni kí o fi sè é, kí o dé e, torí òróró tó ń ta sánsán a máa bá ooru omi lọ.

Zhang Zhongjing, oníṣègùn ilẹ̀ Ṣáínà tó gbé ayé ní nǹkan bí ọdún 1800 sẹ́yìn, fi ata-ilẹ̀ tútù sínú àgbo òtútù kan tí wọ́n ń pè ní guizhi tang, pẹ̀lú ẹ̀ka sínámọ́ọ̀nù, egbò òdòdó peony, licorice àti èso jujube. Ìwọ̀n omi 7 ni wọ́n fi ń sè é lórí iná jẹ́jẹ́ títí yóò fi ku 3, wọn a sẹ́ ẹ, aláìsàn a mu 1. Kò parí síbẹ̀ o. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, aláìsàn a mu ìrẹsì gbígbóná tí wọ́n sè ṣàn bí ògì, a sì daṣọ bora. Òógùn díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ó kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ máa ṣàn bí omi. Ìkìlọ̀ yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, torí ó fi hàn pé wọ́n mọ ibi tó yẹ kí títa dúró.

Bí efinrin òyìnbó tí wọ́n ń pè ní bohe bá wà nínú àgbo, ìṣẹ́jú 5 tó kẹ́yìn ni kí o tó fi sí i, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òórùn rẹ̀ á ti lọ tán.

Ẹni tó bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tó lóyún, tàbí tó ní òkúta nínú òróòro, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó mu ún. Àwọn oníṣègùn Ṣáínà fúnra wọn kì í fún ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ, tí ara rẹ̀ ń jó.