Ẹni tí ẹ fẹ́ràn lè má gbà á: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú sísọ ẹni tí àmì ẹ̀yẹ fíìmù máa bọ́ sí lọ́wọ́

Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ ní Sábó, ní Ìkòròdú níbí, ọ̀rọ̀ fíìmù kì í tán lẹ́nu wa. Tí AMVCA, àmì ẹ̀yẹ fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n ti Africa Magic, tàbí Oscar ti Amẹ́ríkà bá ti ń sún mọ́lé, oníbàárà tó ní òun kàn wá wọn aṣọ kò ní tètè lọ mọ́. Kálukú á máa sọ ẹni tó máa gbà á. Mo máa ń kọ gbogbo ohun tí a bá sọ sínú ìwé, mo sì ti rí i pé ojú kan náà la ti máa ń ṣìnà.

Èyí tó burú jù ni pé a kì í béèrè ta ló ń dìbò. Ní AMVCA, àwọn ìsọ̀rí kan wà tó jẹ́ pé àwa òǹwòran là ń dìbò fún wọn, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ìgbìmọ̀ adájọ́ ló ń mú ẹni tó gbà á. Ẹ má ka iye èèyàn tó ń tẹ̀lé òṣèré lórí Instagram kí ẹ wá fi sọ ohun tí ìgbìmọ̀ máa ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó. A Tribe Called Judah ti Funke Akindele ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní ilé sinimá wa. Ìkòròdú yìí ni wọ́n bí obìnrin náà sí, ẹ ò sì lè mọ bí inú wa ṣe dùn tó. Ní 2024, gbogbo ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi ló ń sọ pé ọmọ wa ló máa kó gbogbo ẹ̀ lọ. Breath of Life ni wọ́n pè fún fíìmù tó dára jù ní AMVCA. Owó lè jẹ́ ká mọ iye ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ohun tí adájọ́ rí nígbà tó jókòó wo fíìmù, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Oscar ní tirẹ̀, àwọn ọmọ Academy, ẹgbẹ́ tó ń fúnni ní Oscar, ló ń dìbò, àwọn tó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbò nínú wọn tó nǹkan bí 10,000. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ fíìmù fúnra wọn ni, àwọn òṣèré ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Golden Globes, àmì ẹ̀yẹ mìíràn ní Amẹ́ríkà, àwọn oníròyìn ló ń dìbò rẹ̀ ní tiwọn. Ṣé ẹ ti rí i pé ọwọ́ tó fún èèyàn ní ti àkọ́kọ́ kọ́ ló máa fún un ní èkejì?

Mo ti ṣe àṣìṣe yìí, ó sì dùn mí gan-an. Ní 2021, Chadwick Boseman ti gba Golden Globe àti SAG, ti ẹgbẹ́ àwọn òṣèré Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tó ti kú. Àwọn tó ṣètò Oscar tiẹ̀ gbé òṣèrékùnrin tó dára jù sí ìparí ètò pátápátá. Mo jókòó títí di ìdájí, omi ti ń bọ̀ lójú mi sílẹ̀. Anthony Hopkins ni wọ́n pè, ẹni ọdún 83, tí kò tiẹ̀ sí níbẹ̀. BAFTA, àmì ẹ̀yẹ fíìmù ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fún un ní tiwọn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, mo rí i, mo kàn gbójú kúrò ni. Ní 2025 ẹ̀wẹ̀, nínú ti òṣèrébìnrin tó dára jù, Demi Moore gba Golden Globe àti SAG, Mikey Madison tó gba BAFTA ló gba Oscar. Ẹ má sì tìtorí ìyẹn di BAFTA mú: ní 2023, Cate Blanchett ni wọ́n fún, Michelle Yeoh tó gba SAG ni Oscar mú.

Ti fíìmù tó dára jù ní Oscar tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Wọn kì í fi orúkọ kan ṣoṣo dìbò. Ńṣe ni wọ́n ń to àwọn fíìmù náà láti orí èyí tí wọ́n fẹ́ jù. Tí kò bá sí èyí tó ní ju ìdajì lọ, wọ́n á yọ èyí tó kéré jù, wọ́n á sì pín ìbò rẹ̀ fún èyí tí àwọn tó yàn án fi ṣe ìkejì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti yan àwọ̀ aṣọ ẹbí rí, ẹ máa mọ̀ ọ́n. Èyí tí èèyàn mẹ́wàá ń kú lé lórí, tí ogún ní àwọn ò ní wọ̀ láéláé, kì í débẹ̀. Èyí tí gbogbo ilé lè wọ̀ ló ń débẹ̀. Ẹ má béèrè fíìmù tí wọ́n ń pariwo jù nìkan. Ẹ béèrè èyí tí ẹnikẹ́ni ò kórìíra.

Ẹ máa ka òfin pẹ̀lú. Ní 2019, Nàìjíríà fi fíìmù Lionheart ránṣẹ́ sí ìsọ̀rí fíìmù ilẹ̀ òkèèrè ní Oscar, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Wàyí o, ká tó sọ ẹni tó máa gbà á, ó yẹ ká mọ fíìmù yẹ̀ wò. Ibi tó ń ká mi lára jù nìyí, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Tí wọ́n bá ti dárúkọ ìmúra, gbogbo èèyàn á máa wá aṣọ tó ń dán jù. Ruth E. Carter tó gba Oscar ìmúra lẹ́ẹ̀mejì, lórí Black Panther àti apá kejì rẹ̀, kò fi dídán nìkan gbà á. Aṣọ kọ̀ọ̀kan ń sọ ìlú àti ipò ẹni tó wọ̀ ọ́. Ẹ padà wo àwọn fíìmù ayé àtijọ́ tiwa. Ọba á jókòó sórí ìtẹ́, aṣọ òkè tó wọ̀ á ní òwú tó ń tàn yinrin-yinrin, èyí tí wọ́n ń wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó lónìí, nígbà tó jẹ́ pé sányán, àlàárì tàbí ẹtù ló yẹ kó wà lára rẹ̀. Àgbẹ̀ á ti oko dé, ìlà áyọ́ọ̀nù á ṣì gún régé lẹ́yìn dàńṣíkí rẹ̀. Ẹ wo ọrùn aṣọ, bóyá òógùn ti yí i padà. Ẹ wo ẹ̀yìn bùbá, bóyá síìpù wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ránṣọ fún fíìmù tó sì ṣe é dáadáa, aṣọ rẹ̀ lè ya kó sì gbó, kí ẹnikẹ́ni má tiẹ̀ kíyè sí i. Irú wọn là ń fi ojú fò jù.

Ẹ má fi fọ́nrán ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp dá fíìmù lẹ́jọ́. Ẹ má sì sọ pé ohùn fíìmù kò dára nígbà tó jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ló bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ sétí kí ẹ tún un gbọ́.

Àṣìṣe tó kù ni pé a máa ń da ohun tí a fẹ́ pọ̀ mọ́ ohun tí a rò pé ó máa ṣẹlẹ̀. Mo ti pín ojú ìwé mi sí méjì báyìí, ọ̀kan fún ẹni tí mo fẹ́, èkejì fún ẹni tó máa gbà á, a sì ń kọ ọ́ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń kọ orúkọ kan náà sí apá méjèèjì. Nígbà tí a kọ ọ́ kẹ́yìn, ó mú bírò dání fún ìgbà pípẹ́, ó wá kọ orúkọ méjì tó yàtọ̀ síra.

Ó ní, "Ọ̀gá mi, ó dùn mí láti kọ èyí o, àmọ́ òun ni wọ́n máa fún."

Mo ní kó kọ déètì sí i.