Bí mo ṣe ṣírò iye kànga epo tó yẹ ilẹ̀ kan

Bí epo rọ̀bì bá wà lábẹ́ ilẹ̀ éékà 640, kànga mélòó ló yẹ kéèyàn gbẹ́ síbẹ̀? Mo jókòó ti Excel láti ṣírò rẹ̀, mo sì gbé e ka East Texas, ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti le débi pé wọ́n pe sójà sí i. Oṣù kẹwàá ọdún 1930 ni Dad Joiner, ọkùnrin kan tó ń wá epo kiri, kan epo lóko obìnrin kan tó ń jẹ́ Daisy Bradford. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1931, àgbá epo tó ń lọ ní bíi dọ́là 1 ti já wálẹ̀ sí bíi sẹ́ǹtì 10. Lábẹ́ òfin Texas, ẹni tó bá fa epo jáde ló ni ín, ì báà jẹ́ abẹ́ ilẹ̀ aládùúgbò ló ti ṣàn wá. Ta ló máa dúró wòran? (Ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ ló ni epo abẹ́ ilẹ̀, ìjà tiwa yàtọ̀.)

Èmi fúnra mi ni mo yan iye tí mo fi ṣe ìṣirò, kó lè rọrùn: àgbá mílíọ̀nù 3 lábẹ́ ilẹ̀, kànga kan 25,000 dọ́là, àgbá kan dọ́là 1. Mi ò ka èlé owó sí. Bí kànga kan bá gba éékà 10, kànga 64 nìyẹn. Bó bá gba 40, ó di 16. Oníkànga 64 á ná mílíọ̀nù 1.6, mílíọ̀nù 1.4 á ṣẹ́kù. Oníkànga 16 á ná 400,000, mílíọ̀nù 2.6 á ṣẹ́kù. Epo kan náà ni àwọn méjèèjì fà o.

Mo wá fi ilẹ̀ aládùúgbò kan tó tóbi bíi tèmi tì í, àgbá mílíọ̀nù 6 di àjọni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1931, Gómìnà Ross Sterling, tóun náà wà lára àwọn tó dá iléeṣẹ́ epo Humble Oil sílẹ̀, kó sójà lọ ti àwọn kànga pa. Texas Railroad Commission (àjọ rélùwéè ni wọ́n fa epo lé lọ́wọ́!) ló ń fi gbèdéke sí iye epo tí wọ́n lè fà. Èmi náà fún kànga kọ̀ọ̀kan ní gbèdéke kan náà. Bí àwa méjèèjì bá gbẹ́ 16, mílíọ̀nù 2.6 ni èrè ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá gbẹ́ 16 tí aládùúgbò gbẹ́ 64, yóò kó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún epo náà. Bí a bá yọ owó kànga, èrè á jẹ́ mílíọ̀nù 3.2 fún un, 0.8 fún mi. Bí èmi náà bá gbẹ́ 64, 1.4 péré ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Gbèdéke tí wọ́n ní kó gba owó epo là ló tún ń ti èèyàn sí kànga gbígbẹ́, torí kànga tuntun kọ̀ọ̀kan ló ń bá ìpín tirẹ̀ wá.

Mo pa èyí rẹ́, mo fi éékà pín gbèdéke náà. Lójú ẹsẹ̀, kànga 64 di owó ìnákúnàá, kò sẹ́ni tí yóò kọjá 16.

Ìlà tí mo fi kún un kẹ́yìn ni ti ẹni tó ní ààbọ̀ éékà láàárín ìlú. Ìpín rẹ̀ kò ju bíi àgbá 2,344 lọ, kànga sì ni 25,000 dọ́là. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè fara mọ́ òfin éékà láéláé. Àwọn bíi tiẹ̀ ló ń lọ tọrọ àyè pé kí wọ́n yọ àwọn kúrò nínú òfin àlàfo kànga, ìyẹn òfin tó sọ bí kànga ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà síra tó, àjọ náà sì gbà fún ọ̀pọ̀ wọn. Ní Kilgore, ìlú kan ní East Texas, kànga 24 ló wà lórí ilẹ̀ tí kò ju bí éékà kan lọ.