Kí Ológbò Má Baà Họ Àga Pálọ̀ Yín Ya

Ọ̀pọ̀ ilé tó gba ológbò nítorí eku ló ń ké báyìí pé ó ti họ apá àga ya. Wọ́n ra òpó tí yóò máa họ fún un, òótọ́ ni, àmọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni wọ́n gbé e sí, kó má baà ba ẹwà pálọ̀ jẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣì í. Ibi tí ológbò ti jí, tó sì fẹ́ kí òórùn àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wà, ló ń họ. Bó bá jẹ́ apá àga ló ń họ, ìdí apá àga náà ni kí òpó dúró sí, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ẹ má tíì gbé e síbòmíràn.

Ẹ ní kí káfíńtà gé igi oníhà mẹ́rin, íǹṣì 3 ní fífẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 3 ní gíga. Kí pákó ìdí rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 18 níbùú lóòró, kó nípọn tó íǹṣì 1. Síkúrúù 4 àti gọ́ọ̀mù ni kó fi dè é láti abẹ́. Ìṣó lásán á tú, òpó á sì máa mì. Òpó tó bá ń mì, ológbò kì í fẹ́ padà sídìí rẹ̀.

Àpò kòkó kan tó láti fi we é nílọ̀ọ́po méjì. Ẹ̀yìn nìkan ni kí ẹ ti kàn án, ìṣó kékeré ní íǹṣì méjì-méjì, kí orí ìṣó wọlé dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ okùn sisal, ìyẹn okùn tí wọ́n fi fọ́nrán ewéko ṣe, kó ra mítà 40, èyí tó nípọn tó 8 mm. Okùn ọ̀rá ń yọ̀, ẹ má rà á. Bí àpò bá ya jákujàku, ẹ má tú u dànù, òórùn ológbò ló wà lára rẹ̀. Ẹ we tuntun lé e lórí.

Ẹ fi téèpù olójú méjì, èyí tó ń lẹ̀ níwájú lẹ́yìn, bo ibi tó ti họ lára àga. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 tó bá ti ń lo òpó, ẹ lè máa sún òpó náà lọ síbi tó wù yín ní íǹṣì 3 lójúmọ́, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ máa gé ṣóńṣó èékánná rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, 2 mm péré. Ibi tó pọ́n nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Izal, kẹrosíìnì àti kanfọ́ọ̀ láti fi lé e kúrò nídìí àga ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jìnnà sí i. Á tẹ̀ ẹ́, á lá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó di májèlé nìyẹn. Ẹ má nà án pẹ̀lú: bí ẹ bá ti jáde, á tún họ ọ́. Ẹni tó sì ń wá ẹni tí yóò yọ èékánná rẹ̀ kúrò pátápátá, egungun orí ìka ni wọ́n ń gé yẹn.

Bó bá jẹ́ rọ́ọ̀gì ló ń họ, òpó kọ́ ló nílò. Ẹ kan àpò kòkó mọ́ pákó tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 2, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ síbẹ̀.