Bí a ṣe ń fi àpò onípele mẹ́ta tọ́jú ẹ̀wà láìfi oògùn sí i

Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀wà jù lọ láyé, síbẹ̀ kòkòrò ń jẹ púpọ̀ nínú ohun tí a kórè kó tó dé inú ìkòkò. Ká tó wá ilẹ̀ mìíràn tí a óò ro, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba èyí tó ti wà nílé sílẹ̀.

Láti oko ni kòkòrò ti ń bá ẹ̀wà bọ̀. Abo kan lè yé ẹyin bí ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí oṣù kan sì ni ọmọ rẹ̀ fi ń dàgbà. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀ lẹ́yìn ìkórè.

Àpò tí à ń sọ yìí, Kamẹrúùnù ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ti Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní apá ìparí àwọn ọdún 1980. Náílọ̀n líle méjì ló wà nínú, àpò híhun bíi ti ìrẹsì sì wà níta. Tí a bá dì í pa, kòkòrò àti ẹ̀wà yóò mí ọ́síjìn inú rẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kòkòrò yìí kì í mu omi. Ọ́síjìn ló fi ń rí omi láti inú oúnjẹ tó jẹ. Bí kò bá sí ọ́síjìn, kò ní jẹun mọ́, òǹgbẹ ni yóò sì pa á.

Gbígbẹ ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé. Ẹ sá ẹ̀wà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí tapólì, kì í ṣe etí títì, kí ẹ sì máa yí i. Ẹ fẹ́ ẹ, ẹ ṣa òkúta àti igi kúrò, torí ohun tó bá mú yóò lu náílọ̀n. Ẹ wá bu ẹ̀wà sínú ìgò gbígbẹ dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ da ṣíbí iyọ̀ gbígbẹ méjì sí i, ẹ dé e, ẹ mì í fún ìṣẹ́jú kan, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ tún ẹ̀wà sá. Ẹ̀wà tútù tí a dì pa yóò gbóná, yóò sì bu.

Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú náílọ̀n kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ihò tí ojú kò rí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà tutù lábẹ́ ibòòji kí ẹ tó rọ ọ́. Bí ẹ ṣe ń rọ ọ́ ni kí ẹ máa gbọ̀n ọ́n, kó lè ki dáadáa. Àpò tí kò kún, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ fi ẹnu náílọ̀n sílẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lọ́ ẹnu ti inú, ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ fi okùn dì í gírígírí. Ẹ ṣe ti èkejì bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ti ìta. Ẹ má fi okùn kan di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Orí pákó ni kí ẹ gbé e sí, kó jìnnà sí ògiri àti eku. Ẹ má tú u kí oṣù méjì tó pé: ẹni tó ń tú u wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ń fún kòkòrò ní afẹ́fẹ́. Àpò tí kò bá lu ṣeé tún lò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da dichlorvos, ìyẹn oògùn apakòkòrò olóró, sí ẹ̀wà. NAFDAC ti kìlọ̀ nípa rẹ̀, kò sì yẹ kẹ́nikẹ́ni gbọ́kàn lé fífọ̀ àti síse pé yóò mú un kúrò. Ọmọ wa ni yóò jẹ ẹ́.

Ẹni tí tirẹ̀ kò ju kóńgò mélòó kan lọ lè lo kẹ́ẹ̀gì tàbí ìgò oníke tí ìdérí rẹ̀ le. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ rọ ẹ̀wà kún un dé ẹnu, ẹ dé e pa. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti fi gbé oògùn oko tàbí bẹntiróòlù rí kò ṣeé lò.